Kí Ẹ Tó Da Kọnkéré Sí Fàràńdà Òkè

Ẹni tó bá ń gba Ẹrẹ́jà kọjá nílùú Iléṣà, tàbí tó ń gba Ọ̀nà Ìbòkun wọ àárín Òṣogbo, kó gbójú sókè díẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì kù tó ní fàràńdà onípákó lókè, níbi tí bàbá onílé máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn, tí yóò sì máa dáhùn ìkíni àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀. Pákó ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àwọ̀ eérú. Ojú rẹ̀ ti sán, ó ń gún ẹsẹ̀, ibòmíràn sì ń rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Onílé á pe káfíńtà, káfíńtà á ní igi ti gbó, kí wọ́n tú u dànù, kí wọ́n da kọnkéré sí i.

Ìmọ̀ràn yẹn ń dùn mí, torí pé ilé ló ń pa. Amọ̀ ni ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n mọ ẹrù tó fẹ́ gbé lé e lórí, pákó sì ni ẹrù náà. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré wúwo tó nǹkan bí 2,400 kìlógíráàmù. Ìrókò gbígbẹ tó gba àyè kan náà kò ju nǹkan bí 650 lọ. Ẹ gbé ẹrù kọnkéré ka ògiri amọ̀ lórí, kò ní pẹ́ tí ògiri á fi bẹ̀rẹ̀ sí í la láti òkè wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú pákó tí wọ́n ní ó ti gbó yìí ló ṣì le koko nínú. Awọ ojú rẹ̀ nìkan ló kú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ fọ̀ ọ́, tó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, tó bó awọ òkú náà kúrò, tó sì fún un lépo, á tún máa rìn lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ó yẹ ká mọ bí pákó náà ṣe dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin wọ Òṣogbo ní 1907. Ó ń kó páànù, ìṣó àti sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Èkó, ó sì ń kó irè oko lọ. Owó kòkó tẹ̀ lé e. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, àwọn òṣómàáló tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè àfi tí wọ́n bá gbowó wọn, kò ná gbogbo èrè wọn sí ìdálẹ̀. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé. Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn wá, lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ní Bràsíl kí wọ́n tó padà wálé. Igi ò ṣòro rí nígbà náà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sínú igbó, wọ́n á dá gẹdú lé e, ẹnìkan á dúró lókè, ẹnìkan á wà nínú kòtò, wọ́n á jọ máa fa ayùn gígùn títí gẹdú á fi di pákó. Ọkàn igi tó pọ́n ni wọ́n ń mú. Èyí funfun tó wà lẹ́bàá èèpo, wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ikán ni, wọn kì í gbé e síta gbangba.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a má ṣe kánjú ju pákó àtijọ́ nù. Ìrókò, apá tàbí òpèpè tó ti pé àádọ́rin ọdún lórí fàràńdà sàn ju ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀ lónìí lọ. Ẹ dé ọjà pákó, ẹ ó rí mẹlína, ẹ ó rí arère, ẹ ó sì rí ìrókò kékeré tí wọ́n gé kó tó dàgbà, tí funfun ara rẹ̀ pọ̀ ju ọkàn lọ. Arère dára fún àjà inú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í ṣe fàràńdà tí òjò ń rọ̀ sí, ikán àti olú ló ń kọ́lé fún.

Kí ló wá ń ṣe igi tó bá wà níta? Oòrùn ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò lè rí a máa já ohun tó lẹ fọ́nrán igi pọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní lignin. Òjò á wá ṣan èyí tó ti já lọ. Fọ́nrán ràìràì ló máa ṣẹ́kù lójú pákó, eruku àti nǹkan dúdú tó ń bu sára igi á sì kó sí i. Òun là ń rí tí a ń pè ní gbígbó. Kì í sì í jìn: àwọ̀ eérú náà kì í sábà ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ẹ fi ìfági fá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí ìrókò pupa rúsúrúsú tó ń rùn bí ọjọ́ tí wọ́n là á.

Omi ló burú jù. Igi a máa mu omi, á wú. Bí ó bá gbẹ, á súnkì. Lọ́dọ̀ wa, òjò ń rọ̀ láti Oṣù Kẹta títí di ìparí Oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ á sì wá fẹ́ tí ètè ènìyàn pàápàá á fi la. Pákó tó ti mumi fún oṣù mẹ́jọ á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sán, á ká, á fa ìṣó yọ. Ní ọdún kejì, omi á gba ojú sísán náà wọlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹnu pákó, níbi tí ayùn ti gé e, ló ń mumi jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ihò tíntìntín tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé nígbà tó wà láàyè ṣí sílẹ̀ sí. Bí pákó fàràńdà bá ń rà, ẹ lọ wo ẹnu rẹ̀, níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń mú igi rà jẹ́ ìbátan olú tí à ń wú lóko, kò sì lè hù níbi tó gbẹ. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo igi náà, kò ní rà, ì báà pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ikán náà fẹ́ràn igi tó tutù. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ọ̀nà àtilé omi sẹ́yìn ni.

Ààbò àkọ́kọ́ ni òrùlé, kì í ṣe epo. Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn òpó náà dúró sí, ọ̀kan nínú wọn sì yè títí ó fi dé ilé ọnà ńlá ní Chicago, níbi tó wà dòní. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin yẹn kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Nínú Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà ní gbangba àti èyí tó wà lábẹ́ òrùlé kedere. Àwọn ère sìmẹ́ǹtì tí oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bí Adébísí Àkànjí ṣe, gbangba òjò ni wọ́n wà. Òpó onígi tí Kàsálí Àkàngbé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́, abẹ́ òrùlé ni púpọ̀ wọn wà, tí wọ́n ń gbé ilé dúró. Síbẹ̀, ìtọ́jú àwọn onígi kì í tán, torí pé etí odò ni igbó náà wà, òjìji igi ńlá sì bò ó. Nǹkan kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Ikán wà lára ohun tó ti ba àwọn ojúbọ inú igbó náà jẹ́ kí Àdùnní àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Nígbà tí UNESCO fi igbó náà sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ti ń lọ láti bí ogójì ọdún ó lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fàràńdà wa. Bí páànù òkè rẹ̀ bá ti jò, tàbí tí etí òrùlé kò yọ síta tó láti bo pákó, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó náwó kankan sí pákó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ igi wò.

Mo ti rí àgbà káfíńtà kan ní Iléṣà tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Kò fọwọ́ kan ayùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn lórí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi òòlù kàn án pẹ̀lẹ́. Èyí tó le á dún kó, kó. Níbi tó ti rà, á dún bùù. Níbi tó bá ti dún bùù, á fi ẹnu ìṣó gígùn kan gún un. Bí ìṣó kò bá wọlé ju ti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ lọ, á fi í sílẹ̀. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, á fi ẹfun sàmì sí i. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ fàràńdà pé kó wo àwọn tú-báì-síìsì tó dábùú, kó wò bóyá amọ̀ ikán ti gòkè lára ògiri. Lẹ́yìn tó parí, ó kọjú sí ìyá onílé. "Màámi, mẹ́ta péré ló bàjẹ́. Àwọn tó kù, epo ló tán lára wọn."

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni abẹ́ yẹn, ojú kì í sì í débẹ̀. Pákó òkè lè dára kí igi ìdábùú tó gbé e ti di ìyẹ̀fun níbi tó wọ inú ògiri. Bí ìdábùú bá bàjẹ́, ẹ má rìn lórí rẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti lè jábọ́ kú kò gba àtamọ́ àtamọ̀. Ìdábùú tó dára ni kí ẹ kùn ní oògùn igi tí wọ́n ń pè ní Solignum, nísàlẹ̀ àti níbi tó bá ògiri pàdé. Ẹni tó ń kùn ún gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó bo imú, kó sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ tán kí ọmọdé tó sùn nítòsí.

Fífọ̀ ló kàn. Omi, ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle tó fún pákó tó pọ̀ jù lọ. Bí ìlà igi ṣe rìn ni kí ọwọ́ máa rìn. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ní ìdábùú á fa fọ́nrán rẹ̀ ya. Níbi tó bá ti bu dúdú tàbí tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti mú un, ẹ po ife híípò kan mọ́ ife omi mẹ́rin, ẹ kùn ún sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì ṣan án dáadáa. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, torí pé èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lára. Ẹ má sì fi híípò fọ gbogbo ojú pákó nítorí kó lè funfun: híípò náà ń já lignin bí oòrùn ṣe ń já a. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù báyìí. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí pákó tí omi ẹ̀rọ náà gbẹ́ ní ojú bí ẹni fi ọ̀bẹ fá a. Bí wọ́n bá máa lò ó, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí igi, kí agbára rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Àìnísùúrù níbí ló ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Epo kò lè wọ ibi tí omi ti jókòó sí. Ìgbà tí mo gbà pé ó dára jù fún iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo ni Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá tán, tí eruku ọyẹ́ kò tíì gbilẹ̀. Àwọn kan ń dúró de Oṣù Kìíní nítorí pé gbogbo nǹkan gbẹ nígbà náà, àmọ́ eruku tó ń ti aṣálẹ̀ wá á jókòó sórí epo tútù, ojú pákó á sì dà bí sánpépà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn fífọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i lókè àti nísàlẹ̀.

Bí ó bá gbẹ tán, ẹ pààrọ̀ àwọn tó rà. Bí apá kan pákó ló rà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò títí dórí ìdábùú, ẹ fi igi irú rẹ̀ dí i. Ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà márùn-ún sílẹ̀ láàárín pákó kan sí èkejì, ìṣó ńlá kan tí a há sáàárín wọn lè ṣe òṣùwọ̀n, kí omi lè rí ọ̀nà ṣàn lọ. Ẹ má lo ìṣó irin lásán: ìrókò àti irin kì í bára wọn ṣe nínú omi, àbàwọ́n dúdú ló máa ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, irin náà á sì jẹrà. Súkúrù idẹ tàbí èyí tí kì í dípẹtà wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa rà á.

Sánpépà 60 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 80 ni kí ẹ fi parí. Ẹ má lọ sí èyí tó kúnná ju ìyẹn lọ lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, torí pé ojú tó bá dán jù kì í gba epo, á sì máa yọ̀ nígbà òjò. Eruku ìrókò a máa mú ènìyàn sín, a sì máa yún ara, nítorí náà kí ẹ bo imú. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lórí pákó tàbí lára ọ̀pá ìfọwọ́tì, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Òjé wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ọ̀dà náà kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ kó gbogbo hóró rẹ̀, ẹ má sì fi iná sun ún.

Kí la wá máa fi kùn ún? Ibí ni èmi àti àwọn káfíńtà kì í ti í fẹnu kò. Fánìṣì ni ọ̀pọ̀ wọn máa mú wá, nítorí pé ó ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbowó. Fánìṣì dára lórí tábìlì inú yàrá. Níta, awọ ló ń ṣe sórí igi. Igi ń wú, ó ń súnkì, awọ náà kò lè bá a lọ. Á sán, omi á gba ojú sísán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Lábẹ́ fánìṣì tó ń dán yẹn ni pákó á ti máa rà. Bákan náà ni ọ̀dà rí lórí ilẹ̀ fàràńdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dára lára ọ̀pá ìfọwọ́tì tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Èyí tó burú jù ni kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, epo dúdú tí àwọn mẹkáníìkì tú dànù. Ó ń lé ikán díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbẹ, ó ń ba aṣọ àti ẹsẹ̀ jẹ́, májèlé irin wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó lè lẹ̀ mọ́ igi náà mọ́ láéláé.

Epo tó ń wọ inú igi, tó sì ń gbẹ síbẹ̀, ni kí ẹ wá. Àdí àti epo pupa kì í gbẹ, wọn kò wúlò fún èyí. Epo linseed sísè ń gbẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó nìkan ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin bíi tiwa, á bu. Èyí tí wọ́n ṣe fún igi ìta, tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bu àti àwọ̀ díẹ̀ nínú, ló dára jù. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ nìkan: òun ló ń dá ìtànṣán oòrùn dúró, ìdí nìyẹn tí epo aláìláwọ̀ kì í fi í pẹ́. Ẹ kùn ún ní àárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kí oòrùn ọ̀sán má baà gbẹ ẹ́ kó tó wọlé. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tí igi kò mu kúrò. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún un ṣe. Ẹnu pákó ni kí ẹ fún ní ìlọ́po mẹ́ta, títí tí kò fi ní mu ún mọ́.

Àkísà náà ń fẹ́ ìkìlọ̀ tirẹ̀. Èyí tó bá mu epo linseed, bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ sá wọn sórí okùn níta lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi gan, tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú omi. Ẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ kó tó lọ sílé.

Àwọn ìyá wa mọ irú ìtọ́jú yìí kí epo inú agolo tó dé. Ẹ wo ère ìbejì àtijọ́: ojú rẹ̀ ti dán, imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí pé ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn àti epo pa á lára nígbà gbogbo. Ère tí wọ́n ń tọ́jú báyẹn ti pẹ́ ju ìyá tó ni ín lọ. Fàràńdà kò nílò ìtọ́jú ojoojúmọ́, àmọ́ ó nílò kí a máa rántí rẹ̀. Ẹ máa gbá ewé kúrò láàárín pákó kí omi má baà dúró síbẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò òdòdó àti kẹ́ẹ̀gì omi lé orí igi kékeré kí abẹ́ wọn lè máa gbẹ. Bí ẹ bá rí amọ̀ ikán lára ògiri, ẹ fọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wá ibi tó ti jáde.

Nígbà tí òjò bá dá ní ìparí Oṣù Kẹwàá, ẹ bomi díẹ̀ sórí pákó, ní àárín, ní etí, àti níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń kàn án jù. Níbi tí omi bá ti ṣù jọ tó sì jókòó, epo ṣì wà níbẹ̀. Níbi tó bá ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ojú igi ṣókùnkùn, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ ha díẹ̀, kí ẹ sì tún fún lépo ní Oṣù Kọkànlá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, agolo epo kékeré kan á sì tó o.